Àwọn Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Bésìbọ́ọ̀lù àti Ohun Tí Wọn Kì í Sọ

Gbogbo ẹni tó wá kí mi káàbọ̀ ní Sùúrùlérè ló kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi bóyá àpótí kejì ṣì ń bọ̀. Kò sí àpótí kejì. Àpótí kan ni mo gbé lọ, òun náà ni mo gbé bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bínú pé mi ò ra aago ọwọ́ bọ̀ fún yín, ẹ wá nǹkan fìdí lé. Ìròyìn ni mo kó bọ̀, wọn ò sì jẹ́ kí n sọ ọ́ lórí rédíò, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Délé ni mí, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni mí, bọ́ọ̀lù ni mò ń sọ. Ní ọ̀sán Sátidé, tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré ńlá tó wà ládùúgbò wa níbí, ẹnì kan ni yóò gba máìkì láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò máa fi Gẹ̀ẹ́sì rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń kéde òkú. Tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí bọ́ọ̀lù parí, wọn á gbé máìkì fún èmi, màá sì sọ ọ́ ní Yorùbá. Mẹ́káníìkì ní Muṣin á gbé sípánà sílẹ̀. Àwọn ará Òtò á dákẹ́. Màmá mi ń ta bọ́tìnì àti òwú ní Tejúoṣó, Gẹ̀ẹ́sì ò sì tíì ráyè wọ ẹnu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ìgbà tí mo bá la ẹnu ni bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá wa ní ẹ̀ka eré ìdárayá kò fẹ́ràn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn. Ó ti gbé oṣù mẹ́sàn-án ní Lọ́ńdọ̀nù rí, apá kan ara rẹ̀ ò sì tíì dé. Ó ní Yorùbá ń pariwo jù fún máìkì. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ní ká fi ẹnì kan ránṣẹ́, kó wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ rédíò kan tó ń sọ eré bésìbọ́ọ̀lù, ó pè mí sí ọ́fíìsì.

“Délé, lọ wo bí àwọn ọlọ́gbọ́n ṣe ń ṣe é,” ó ní. “Tí o bá parí, kí wọ́n kọ lẹ́tà lé ọ lọ́wọ́. Bí lẹ́tà náà bá dára, Yorùbá á dúró, màá tiẹ̀ fún ọ ní ìdajì bọ́ọ̀lù. Bí kò bá dára, Yorùbá parí nìyẹn, ìwọ á sì lọ máa to àwo rẹ́kọ́ọ̀dù.”

“Ẹ ṣé, sà,” ni mo wí. Kí ni ǹ bá tún wí?

Lẹ́tà yẹn ni mo bá lọ sí Amẹ́ríkà. Gbogbo ohun yòókù, ọ̀nà ni mo ti bá a pàdé.

Ìlú Ẹlẹ́rìn-ín

Mi ò ní sọ ti ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tó ti wọ̀ ọ́ rí ti mọ̀, ẹni tí kò wọ̀ ọ́ rí á ní mò ń fọ́nnu. Ìlú tí mo sọ̀ sí wà létí odò ńlá kan, èéfín ilé iṣẹ́ ló bo ojú ọ̀run rẹ̀. Mo ti rò pé Amẹ́ríkà á máa dán. Páànù tó dógùn-ún ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ààtàn, lẹ́yìn náà ọkùnrin kan tó sùn sórí bẹ́ǹṣì láàárọ̀. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Àwọn ará ibẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ju bí wọ́n ṣe ń kíni lọ. Wọn á fi gbogbo eyín hàn ọ́, wọn á sì kọjá. Mo kí ọkùnrin kan káàárọ̀ ní ibùdókọ̀, mo bèèrè àlàáfíà ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó sì lọ dúró sí apá kejì títì.

Ní ilé rédíò, obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bi mí pé ṣé a ní rédíò lọ́hùn-ún. Mo ní iṣẹ́ rédíò ló gbé mi wá. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì mi dára o, níbo ni mo ti kọ́ ọ. Mo ní inú ọkọ̀ òfuurufú ni, pé obìnrin tó ń pín tíì ló kọ́ mi. Kó tó di ìyálẹ̀ta ó ti sọ ọ́ fún gbogbo ilé, wọ́n sì ń wá wò mí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ gùn kí n lè bá wọn lọ. Ẹ̀bi mi ni. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ jẹ́léósinmi sọ̀rọ̀.

Ẹni tí wọ́n ní kí n máa tẹ̀ lé ni Kíláìdì. Bàbá àgbàlagbà ni, ọrùn rẹ̀ pupa, ìka rẹ̀ ti pọ́n nítorí sìgá, ṣùgbọ́n tó bá la ẹnu, wàá fẹ́ jókòó. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti jẹ́ ohùn ẹgbẹ́ bésìbọ́ọ̀lù ìlú náà. Àwọn tó gbọ́ ọ lọ́mọdé ti di bàbá, àwọn ọmọ tiwọn náà sì ti ń gbọ́ ọ. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó rò pé mò ń wá nǹkan tó jábọ́, òun náà bẹ̀rẹ̀ láti bá mi wá a. Ọmọbìnrin atẹ̀wé kan tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ kọjá, ó ní “Kíláìdì, báwo ni?”, bàbá náà sì dáhùn. Èmi pè é ní “sà”. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn wọlé.

Ẹnì kejì rẹ̀ nídìí máìkì ni Dónì. Dónì ti gbá eré náà rí, ìdí tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe torí ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kì í yá a lẹ́nu. Ó ń jẹ tábà, ó ń tutọ́ rẹ̀ sínú ife pépà tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó máa sọ “bẹ́ẹ̀ ni, Kíláìdì.”

Lókè Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Sọ̀rọ̀

Yàrá tí wọ́n ti ń sọ eré náà wà lókè téńté pápá, lífítì ló ń gbéni débẹ̀. Ẹni tó ń wa lífítì náà ni Lúsíọ̀sì, aláwọ̀ dúdú bí tèmi, tó jù mí lọ dáadáa. Mo ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Mo ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì gbà á bí oyè.

“Wo ìsàlẹ̀,” ni Ẹ̀gbọ́n Lúsíọ̀sì sọ fún mi lọ́jọ́ kejì. “Ìdajì àwọn tó ń sáré níbẹ̀ yẹn, àwa ni. Wá wo òkè níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ wọn. Èmi pẹ̀lú bọ́tìnì lífítì, àti ìwọ tó jẹ́ àlejò.”

Ó ní kí n máa tẹ́tí sílẹ̀. Bí òyìnbó bá mú bọ́ọ̀lù, wọn á ní ó lo ọpọlọ. Bí aláwọ̀ dúdú bá mú irú bọ́ọ̀lù kan náà, wọn á ní Ọlọ́run fún un lẹ́sẹ̀. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo ń ká ìka mi kò bí mo bá ṣe ń gbọ́ ọ, kò sì pẹ́ tí ìka fi tán. Dónì kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń sọ ọ́. Èyí ló bí mi nínú jù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà ní ṣókí. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré líle, ẹnì kejì á mú ọ̀pá dúró, ó fẹ́ lù ú. Bó bá lù ú dáadáa, á sáré. Bí kò bá rí i lù, á lọ jókòó. Bí ènìyàn mẹ́ta bá ti lọ jókòó, ó kan ẹgbẹ́ kejì. Abala mẹ́sàn-án ni. Ọ̀pọ̀ àkókò rẹ̀, kò sí ẹni tó ń ṣe nǹkan kan. Ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù á fọwọ́ kan fìlà, á fọwọ́ kan imú, á wo ojú ọ̀run. Ẹni tó mú ọ̀pá á tutọ́. Inú àkókò tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ yìí ni Kíláìdì ti ń jẹun.

Inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń polówó bíà. Ilé iṣẹ́ bíà kan ló ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ti oníbúrẹ́dì ni. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ti onítáyà mọ́tò ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá lu bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá, ti bíà ni, Kíláìdì á sì ṣí ìgò nídìí máìkì kí gbogbo ìlú gbọ́ bó ṣe dún, á wá yin ìgò náà títí. Mo ti rí ẹni tó ń ki ọba, mo ti rí ẹni tó ń ki ọlọ́jà. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo rí àgbàlagbà tó ń ki ìgò.

Ohùn Kíláìdì kì í dúró sí ìlú yẹn nìkan. Àwọn rédíò kéékèèké ní ìletò gbogbo tó yí wọn ká ló ń gbà á, tí àgbẹ̀ ń gbọ́ ọ lórí katakata. Àwọn tó wà nínú pápá gan-an, tí eré náà ń lọ níwájú wọn, ń gbé rédíò kékeré sí etí. Mo bi ọ̀kan pé kí ló ń gbọ́ tí ojú rẹ̀ ò rí. Ó ní òun fẹ́ kí Kíláìdì sọ ọ́ kó lè dá òun lójú. Tẹlifíṣàn náà wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà ń ṣọ́ ọ lò, ó ní bí wọ́n bá ń rí i nílé lófẹ̀ẹ́, ta ló máa wá sí pápá. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tẹlifíṣàn ń ya irun ju bó ṣe ń wo eré lọ, ohun tí gbogbo ayé ti rí tán ló máa ń sọ fún wọn.

“Má ṣe bíi tirẹ̀,” ni Kíláìdì kìlọ̀ fún mi. “Ẹni tó ń gbọ́ rédíò nílé, afọ́jú ni. Ìwọ ni ojú rẹ̀. Ohun tí o bá rí, sọ ọ́. Ohun tí o kò rí, pa ẹnu mọ́. Kò sí nǹkan mìíràn nínú iṣẹ́ yìí.”

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo fa ìlà sí i nídìí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bàbá kan náà ń sọ fún mi pé láyé àtijọ́, bí ẹgbẹ́ wọn bá rin ìrìn-àjò, òun kì í tẹ̀ lé wọn. Ilé rédíò ni òun ń jókòó sí, wọ́n á máa fi wáyà ránṣẹ́ pé lágbájá lù ú, tàmẹ̀dù mú un, òun á sì máa sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Ó ní ọ̀pá kékeré kan tó ń lù mọ́ pákó kó lè dún bí ẹni lu bọ́ọ̀lù, ó ní àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tí ariwo èrò wà nínú rẹ̀.

“Ẹ rí wọn ni, sà?”

“Rárá.”

“Ẹ sì sọ ọ́?”

“Iṣẹ́ ni,” ó wí, ó sì tan sìgá mìíràn.

Ewé Tútù àti Ata Ilé

Ohun tí wọ́n ń jẹ ní pápá ni ẹran kan tó gùn bí ìka, tí wọ́n tẹ́ sínú búrẹ́dì, tí wọ́n da nǹkan pupa rúsúrúsú lé lórí. Nǹkan náà kì í ta ẹnu, imú ló ń lọ. Wọ́n ń jẹ ẹ̀pà pẹ̀lú, ẹ̀pà tiwa yìí gan-an, wọ́n sì ń da èèpo rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ara wọn, àgbà àtọmọdé. Bí mo bá dán an wò ní ilé wa, màmá mi á fi ìgbálẹ̀ lé mi lọ́wọ́ kó tó bi mí ohun tó ṣe mí. Kíláìdì pè mí wá sílé rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi kan, ìyàwó rẹ̀ gbé ewé tútù síwájú mi, láìsè. Mo dúró de ọbẹ̀. Ewé náà ni oúnjẹ.

Mo gbé ata gígún láti Èkó nínú agolo mílíìkì, òun ló pa mí mọ́. Dónì rí i lọ́wọ́ mi nídìí iṣẹ́. Ó ní òun ò rí ata tó lè mú òun rí. Mo ní, “Ẹ rọra.” Ó bù ú bí ẹni bu iyọ̀ sórí ẹran rẹ̀. Abala méjì gbáko ni ojú rẹ̀ fi ń ṣomi tí kò lè sọ “bẹ́ẹ̀ ni, Kíláìdì.” Ènìyàn bíi mẹ́ta pe fóònù láti yìn wọ́n pé eré tọjọ́ yẹn dùn-ún gbọ́.

Ọ̀rẹ́ Wa láti Áfíríkà

Ní oṣù kejì, Kíláìdì bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní ìṣẹ́jú méjì nínú abala karùn-ún. Á ní, “Ẹ kí ọ̀rẹ́ wa láti Áfíríkà.” Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó bi mí nípa kìnnìún. Mo ní Sùúrùlérè ni mò ń gbé, pé ẹranko tó ń dààmú wa níbẹ̀ ò ju ẹ̀fọn lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan lu bọ́ọ̀lù kọjá ògiri nígbà tí máìkì wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ̀gbà tí mo bọ́ sí Yorùbá: “Ó ti lọ o, ó ń lọ, ó ń rélé ìyá rẹ̀, ẹ má pè é mọ́!” Kíláìdì gbàgbé láti ṣí ìgò. Lẹ́tà ń wá láti ìletò pé kí àlejò yẹn tún pariwo. Ìṣẹ́jú méjì di márùn-ún.

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo ń wí nínú ara mi pé bí ọ̀gá wa bá gbọ́ èyí. Kíláìdì náà fọwọ́ gbá mi léjìká. Ó ní, “Lẹ́tà rẹ ti wà nínú orí mi, ó kù kí n tẹ̀ ẹ́.”

Abala Kẹjọ

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí n padà sílé. Ọjọ́bọ̀ ni, ọ̀sán gangan. Ẹgbẹ́ náà ti ń fìdí rẹmi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, èrò ò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ àgbẹ̀, ló ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn. Abala kìíní, ẹnikẹ́ni ò rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ lù. Abala kẹta, ẹnikẹ́ni ò rí i lù. Ní abala karùn-ún, mo dúró kí wọ́n pè mí, Kíláìdì ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n jókòó. Nígbà tó di abala kẹfà, pápá ti dákẹ́ bí ilé ìdánwò. Mo wo pátákó ńlá tí wọ́n ń kọ iye ẹni tó rí i lù sí: òdo.

Mo wá tẹ́tí sí àwọn ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ ẹja ni wọ́n ń sọ. Kíláìdì ń sọ nípa ẹja kan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Dónì ní bẹ́ẹ̀ ni, Kíláìdì. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ ti òjò, wọ́n sọ ti ẹ̀fọ́rí ìyàwó Dónì. Abala keje kọjá. Ohun tí ẹlòmíràn lè fi ọ̀pọ̀ ọdún gbá eré náà kó má sì rí ṣe, òun ló ń ṣẹlẹ̀ níwájú wọn, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́rí ni wọ́n fi bò ó.

Àánú ṣe mí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, àánú ni, kì í ṣe ìyájú. Mo ní ọjọ́ ogbó ti dé bá bàbá yìí, ó ti gbàgbé. Dónì kò tiẹ̀ jí rí. Mo ń ronú àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí rédíò rẹ̀ lórí katakata, tí kò mọ nǹkan kan. Ní ilé wa, bí àgbà bá gbàgbé ọ̀rọ̀ láwùjọ, ọmọdé tó gbẹ̀kọ́ kì í jẹ́ kí ojú tì í. Á rọra bá a mú un wá, á sì ṣe é bí ẹni pé àgbà náà ló sọ ọ́.

Ní abala kẹjọ, ènìyàn méjì ti lọ jókòó nínú ẹgbẹ́ kejì. Ikọ́ sìgá mú Kíláìdì. Ó wú u títí tí omi bọ́ lójú rẹ̀. Dónì kó ẹ̀pà sẹ́nu, kò lè sọ̀rọ̀. Kíláìdì ti máìkì sọ́dọ̀ mi. Mo jókòó dáadáa, mo tún ohùn ṣe.

“Gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá mi Kíláìdì ti fẹ́ sọ fún yín kí ikọ́ tó mú wọn,” mo wí, “láti ọ̀sán yìí, kò sí ẹnì kan tó tíì rí bọ́ọ̀lù ọ̀dọ́mọkùnrin yìí lù. Ó ku ènìyàn mẹ́rin péré.”

Ikọ́ Kíláìdì dúró lójijì. Ẹ̀pà jábọ́ lẹ́nu Dónì. Nísàlẹ̀, gbogbo àwọn tó gbé rédíò sétí yí ojú padà, wọ́n gbé orí sókè, wọ́n ń wo fèrèsé wa. Mo rò pé wọ́n ń kí mi. Mo juwọ́ sí wọn.

Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e, ẹni tó mú ọ̀pá lù ú gbàù, ó sì sáré débi tó ń lọ láìsí ìyọnu.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì dákẹ́ mọ́. Dónì ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní èèwọ̀ ni. Bí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bá ti ń bá a lọ báyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fẹnu sọ ọ́ títí yóò fi parí. Bí a bá sọ ọ́, ó bàjẹ́ nìyẹn.

“Ọmọ yẹn gbọ́ mi nísàlẹ̀ ni?” mo bi í.

“Rárá.”

“Bọ́ọ̀lù ló gbọ́ mi?”

Dónì tutọ́ sínú ife rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó pe fóònù ní oògùn Áfíríkà ni mo fi bá wọn jà. Èmi, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Yábàá, tí bàbá mi jẹ́ tíṣà kó tó kú. Àwọn tó ní èèwọ̀ ni wọ́n ń pe èmi ní olóògùn. Ohun tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé mo mọ̀ ọ́n. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ níṣojú màmá mi pé àwa ọmọ rẹ̀ sanra, á yí ọ̀rọ̀ sí ti òjò kíá, láti kékeré ni mo sì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo la òkun kọjá kí n tó bá ìyá mi pàdé nílé àwọn ọlọ́gbọ́n.

Kíláìdì kò bínú sí mi lójú. Ó mú kóòtù rẹ̀, ó lọ. Nínú lífítì, Ẹ̀gbọ́n Lúsíọ̀sì wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Èmi ò rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà mi ti lọ,” mo wí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ń rí ọwọ́ ara mi tó ń to àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Mo ń rí màmá mi nídìí rédíò rẹ̀ tí kò ní gbọ́ nǹkan kan. Kò sí ẹkún tí mo lè sun níwájú òyìnbó, mo gbé e délé.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ju bọ́ọ̀lù náà wá rí mi. Ó ní bọ́ọ̀lù yẹn yọ̀ lọ́wọ́ òun ni, kò kàn mí. Kò sí rédíò kan tó gbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Káàdì Kan

Fún ọjọ́ mẹ́ta Kíláìdì kò bá mi sọ̀rọ̀, kò sì pè mí nídìí máìkì mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ó jókòó tì mí, ó mú káàdì kan jáde nínú àpò. Ẹnì kan ló kọ ọ́ láti ìletò. Ogun ló fọ́ ọkùnrin náà lójú, ìyàwó rẹ̀ ló bá a kọ ọ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gbọ́ rédíò yìí, irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ti wáyé rí, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ń sọ fún òun pé ó ṣẹlẹ̀. Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò, nítorí pé fún ìgbà àkọ́kọ́ òun mọ̀ ọ́n nígbà tó ń lọ lọ́wọ́, bí àwọn tó lójú.

Kíláìdì ka káàdì náà lẹ́ẹ̀mejì.

“Gbogbo ìgbà yẹn ni mò ń sọ ọ̀rọ̀ ẹja fún un,” ó wí.

Ní ọjọ́ tí mò ń lọ, ó fi lẹ́tà kan lé mi lọ́wọ́, ó ti lẹ̀ ẹ́ pa. Ó ní ohun tó dára jù lọ tí òun lè kọ nípa sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni òun kọ. Mi ò tú u. Mo fi í sí àyà títí mo fi dé Èkó, inú mi sì ń dùn débi pé mo kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ní pápá ọkọ̀ òfuurufú wọn, wọ́n dáhùn o, wọn ò dáhùn o.

Ilé

Ọ̀gá wa tú lẹ́tà náà níṣojú mi. Ó kà á sókè, ó ń sọ ọ́ sí Yorùbá bó ṣe ń kà á, bóyá kí n lè mọ̀ pé òun náà gbọ́ ọ.

“‘Ọkùnrin yìí, ohun tó bá rí ni yóò sọ, lákòókò tó bá rí i, ìbáà jẹ́ pé gbogbo ilé ti fohùn ṣọ̀kan kí a má sọ ọ́. Èmi ò ní ìgboyà yẹn. Ẹ fi máìkì lé e lọ́wọ́.’”

Mo dúró kó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wo àwòrán ọ̀gágun tó ń ṣèjọba lé wa lórí, tó wà lára ògiri lẹ́yìn mi, ó tún gíláàsì náà wọ̀.

“Ìwọ lo ní kó kọ báyìí?”

“Rárá, sà. Ọ̀gá, ṣé kò dára ni?”

“Ó dára. Òun ni wàhálà.” Ó ká lẹ́tà náà. “Lọ́jọ́ tí sójà bá ń fi kòbókò lé èrò ní géètì pápá, ìwọ á rí i, àbí o ò ní rí i?”

“Bọ́ọ̀lù ni mò ń sọ, sà.”

“Ọjọ́ tí àga àwọn ẹni ńlá bá ṣófo ńkọ́? Ọjọ́ tí wọ́n bá fi ẹgbẹ́ wa ṣe ẹlẹ́yà lórí pápá, tí àwọn ẹni ńlá ń wò ó? Wàá rí i, wàá sì sọ ọ́, ní Yorùbá, kí gbogbo Muṣin gbọ́. Délé, ká ní òyìnbó yìí kọ ọ́ pé o ò mọṣẹ́, ǹ bá ní kí wọ́n kọ́ ọ. Èyí, ta ni màá ní kó kọ́ ọ?”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n dìde, pé kò sí ìjà láàárín wa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ yàrá àwo rẹ́kọ́ọ̀dù lé mi lọ́wọ́. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Èyí tí mo gbé ti Amẹ́ríkà bọ̀ tiẹ̀ ní lẹ́tà, kò sì rí ẹni rà á.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, màmá mi tètè ti ìsọ̀ rẹ̀ ní Tejúoṣó, ó wá jókòó sílé mi. Mo ti sọ fún un pé Yorùbá ò sí mọ́. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí n ṣáà yí rédíò sí i, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n yí ọkàn padà tó bá yá. Ọ̀rẹ́ mi tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ ọ́ lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, màmá mi fà súnmọ́ rédíò, ó tẹ́tí. Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá a lọ.

Ariwo ńlá bú láti pápá, ó gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wa. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé góòlù ni.

“Àkànní, ta ló gbá a wọlé?” ni màmá mi bi mí.

“Mi ò tíì mọ̀, Màmá. Wọn ò tíì sọ ọ́.”

“Ẹni tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Kí ló ń sọ?”

Mo gbọ́ ọ dáadáa, nítorí náà mo sọ ọ́ fún un. Mo ní ọ̀gágun kan ló ń wọlé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, pé ó ń kí wọn káàbọ̀. Màmá mi ní kò burú, á sọ ọ́ tó bá kí wọn tán. Ó káwọ́ lé itan, ó ń dúró. Nígbà tí ariwo kejì wọlé, orúkọ ìyàwó ọ̀gágun kẹta ni ọ̀rẹ́ mi ń pè.